Afárá Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Tí Àkọ́bí Mi Ṣe

Àkọ́bí mi obìnrin,

Kí n má tíì kí ọ ná, ẹ̀rù bà mí gidi. Láti ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ti gbé afárá yẹn lé orí odò wa ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa títí di àìpẹ́ yìí, torí kò nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mo sì mọ̀ pé tó bá wó, orúkọ rẹ ló wó.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ohun tí o bá fọwọ́ rẹ gbé kalẹ̀, àgbàrá kò ní wọ́ ọ lọ. Bàbá rẹ ń kí ọ, eyín rẹ̀ ti sàn.

O kọ̀wé pé kọnkéré yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a mọ̀, pé díẹ̀ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ayé máa gbóná sí i. Mo gbà ọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án, ó gbóná bí ìkòkò orí iná! Kí ọ̀rọ̀ rẹ má baà di irọ́, mo máa ń lọ bomi wọ́n ọn.

Má bínú nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n tú àpò kọnkéré àkọ́kọ́ létí odò, mo rí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, mo ní télọ̀ kan ló da tirẹ̀ síbẹ̀, yóò sì gún àwọn ọmọdé lẹ́sẹ̀. Ni mo bá gbé asẹ́ mi, mo ń ṣà wọ́n kúrò. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ figbe ta, ó ní Màmá, egungun afárá lẹ ń yọ yẹn, pé irin wẹ́wẹ́ yẹn ló dípò ọ̀pá irin. Ó ti ń yà mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀ pé kò sí ihò òwú lára ìkankan.

Bíríkìlà wa, Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù, wá ń sọ kiri pé búrẹ́dì ni ọmọ mi gé lé orí odò, pé bí ewúrẹ́ bá wúkọ́ lórí rẹ̀, ó parí. Àwọn ará ìlú gbà á gbọ́, orí afárá igi àtijọ́ ni wọ́n ń gbà kọjá. Káńsù ní bí ẹnikẹ́ni kò bá gba orí tìrẹ, àwọn á hú u, Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ni yóò ṣe òmíràn.

Òjò bá dé, àgbàrá gbé afárá igi náà lọ ráúráú. Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù níṣẹ́ lódìkejì, sìmẹ́ńtì rẹ̀ sì fẹ́ dì sínú òjò. Ó wòtún, ó wòsì, kò mọ̀ pé mo fara pamọ́ tí mò ń ṣọ́ afárá ọmọ mi. Ló bá dijú, ó ń gbàdúrà, ó ti bárò tó kún fún sìmẹ́ńtì gorí rẹ̀. Afárá kò tilẹ̀ mì! Ó padà wá kó òmíràn, ó tún padà, ó ti ń súfèé. Mo figbe bọnu, gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n ń bi í pé ewúrẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti wúkọ́ tán? Alága káńsù fúnra rẹ̀ gbà á kọjá, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ yẹn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u mọ́. Èmi tí mo bí ọ, mo jó láti etí odò dé ilé!

Bí owó díẹ̀ bá yọ, fi ránṣẹ́ o, bàtà mi já níbi ijó náà. Orí tó gbé ọ débẹ̀ kò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mi yìí, ó ká fìlà sábíyá, ó ní kí n bi ọ́ ọjọ́ tí wàá wá kọ́ òun níṣẹ́ yìí. Mo ti ní kò ní rí àga jókòó títí èsì rẹ yóò fi dé, nítorí náà tètè kọ̀wé, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Ìyá rẹ.