Ohun Tí Mo Sọ Nílé Ẹjọ́ Nípa Ọmọ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé ara ọkọ yín ti yá? Gbogbo ilé ń kí yín. Orúnkún ṣì ń dun ìyá wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ ti gbọ́ pé mọ́tò pa ìyá oníbúrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, àti pé ọmọ yín ni wọ́n mú. Mo rí ẹni tó wa mọ́tò náà. Nígbà tí ọlọ́pàá bi mí, mo ní mò ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀gá wọn ní, "Mà, àwa ò lè fipá la ẹnu yín, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ lè pè yín."

Ìwé ìpè dé lóòótọ́. Mi ò lọ. Adájọ́ wá pàṣẹ pé kí wọ́n lọ mú mi wá. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí wọ́n mú mi. Lọ́yà kan nílé ẹjọ́ sọ fún mi pé bí mo bá kọ̀ tí mi ò sọ̀rọ̀, wọ́n á tì mí mọ́lé. Bí mo bá búra tán tí mo parọ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Adájọ́ bi mí pé, "Ta ló wa mọ́tò náà?"

Ọmọ yín rọra mi orí sí mi pé kí n má sọ.

Mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Kì í ṣe ìgboyà, ẹ̀rù ló bà mí.

Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó ń gbà á, ṣùgbọ́n kì í wojú mi. Kí Ọlọ́run fún yín lókun. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé ìpè mi.

Èmi àbúrò yín.