Ẹ̀rọ Ní O Ò Kanlẹ̀kùn

Abdulsobur Àlàó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìgàndò, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹ̀fọn ò pọ̀ jù ní yàrá tó o gbà? Àárẹ̀ kò ní mọ ilé rẹ. Níbí, a dúpẹ́, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá rẹ kò gbé e mọ́. Orí ẹní ló wà, ohun kan ṣoṣo ló sì máa ń bi mí lẹ́yìn ìrun: ìgbà wo ni Sobur ń bọ̀?

O sọ lórí fóònù pé o ti kọ ìdáhùn sínú í-meèlì, pé kí n yéé pè ọ́ níbi iṣẹ́. Mo bá wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ Hamdalah ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, torí òun ló ṣí àpótí í-meèlì fún mi. Ẹ̀rọ ò gbà. Hamdalah ní wọ́n ti ọ̀nà lẹ́tà pa kí olè má baà kà á, pé ẹ̀rọ tòun àti èyí tí lẹ́tà ń gbà wá gbọ́dọ̀ kí ara wọn, kí wọ́n da ara wọn mọ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo ní ìyẹn dára, ọmọlúàbí ni wọ́n. Nígbà tí wọn ò da ara wọn mọ̀ ṣá, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, mo ki oríkì rẹ fún un láti ìdílé bàbá rẹ dé tèmi, kó lè mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Mo ń ki oríkì mi lọ.

Hamdalah wá rí ohun tó ń ṣe é. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ náà gbà pé ọdún 2003 la ṣì wà, ló ṣe ka ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀rọ kejì mú wá sí ayédèrú. Mo jowú rẹ̀, torí ní 2003 ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni bàbá rẹ fi ń lọ sóko. Hamdalah tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, ọ̀nà ṣí, àpótí ṣófo.

Mo ní kó wò ó dáadáa, pé o ò lè purọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ máa ń kọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ bá rí sílẹ̀, lẹ́tà tó wọlé àti èyí tó kanlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún, tọjọ́ tọjọ́. Ó pẹ́ kó tó rí ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà. Ó kà á fún mi láti ìgbà ààwẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ tí kò mọ ọdún tá a wà, ẹ̀rí wo ló fẹ́ jẹ́ lórí ọmọ mi. Hamdalah kò gbowó lọ́wọ́ mi.

Mo délé, bàbá rẹ bi mí. Mo mú bébà kan tí nǹkan kan ò sí lára ẹ̀, mo ka lẹ́tà rẹ fún un, pé o kí i, pé ọ̀gá rẹ ti fún ọ láyè, pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ lo máa dé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n má pa àkùkọ pupa títí o fi máa dé. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ka lẹ́tà yẹn.

Mi ò béèrè owó lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀. Táyéwò ará ilé wa tó ń gbé Ìṣẹ̀rí-Olófin ló mú ìwé yìí wá. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kó o wá, fún un ní ìlà kan péré lórí bébà, kí n lè sinmi irọ́ pípa.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sin ọ́, ìwọ lo máa sin wá. Láti kékeré rẹ ni mo ti ń gba àdúrà yìí fún ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, tètè wá ṣe àmín rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Hàbíbátù