Sálúbàtà Inú Sàréè

Màámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le. Òtútù Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọyẹ́ ọ̀dọ̀ wa ní Lasunwon lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé etí ọ̀gbun ńlá níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ọ̀gá ní kí n nu sálúbàtà ọmọdé kan tí wọ́n hú nínú sàréè àwọn ará àtijọ́, kí àwọn àlejò lè fọwọ́ kàn án. Mo kọ̀. Mo fi fìlà mi bò ó.

"Làtífù, ẹ̀kọ́ ni!"

"Ọ̀gá, ẹrù òkú ni. Ẹ dá a pa dà fún un."

Ó ní kí n kó ẹrù mi, kí n lọ sinmi. Inú ọgbà wọn ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mọ́tò ọ̀rẹ́ mi gbòòrò, mò ń sùn dáadáa.

Bí wọ́n bá bèèrè mi ní ibùdókọ̀ Benson, ẹ ní iṣẹ́ ń lọ. Ẹ bá mi kí Sọ̀fíyàt àbúrò mi.

Làtífù yín.