Mo Kọ Orúkọ Rẹ sí Fọ́ọ̀mù Kọ́ọ̀tù

Ìlobù,
Oṣù Kejì, 1957.

Jàlálù ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò rẹ̀ ọ́ jù? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, torí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́, bá mi nà án.

Odò wa ti bàjẹ́. Amos tó gbé ẹ̀rọ ìlagi kalẹ̀ lókè odò ń da èérún pákó àti epo ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ síbẹ̀ fún láfún tí mo ń tà jẹun ń rùn bíi mọ́tò. Ewúrẹ́ pàápàá kọ̀ ọ́. Èmi àti Àbọ̀kẹ́ ará Ìfọ́n, tí a jọ ń pọnmi, lọ bá a. Ó ní ẹni tó bá dùn kó lọ sí kọ́ọ̀tù. Àbọ̀kẹ́ ní lóòótọ́ ni ìlú òun àti ìlú wa ń jà nítorí ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí kò bi ẹnikẹ́ni pé ará ibo ni. Ni a bá lọ.

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní pọ́n-ùn mẹ́ta la ó san kí wọ́n tó fi ìwé pe Amos. Mo ní ṣé odò là ń rà ni? Ó ní fọ́ọ̀mù tálákà wà, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun ìní mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà: Jàlálù, ó wà ní Èkó. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, ó ní Màmá, ọmọ kì í ṣe ohun ìní. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ó ní kí n ṣáà pa á rẹ́, kí n gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì, kí n búra pé n kò ní ohunkóhun láyé. Mo na ọwọ́, mo rántí ojú rẹ, mo ká a kò. Kí n tó yíjú, Àbọ̀kẹ́ tọ́mọ yí ká ti sá jáde, kí wọ́n má baà ní kí òun náà búra.

Nítorí náà, a ó san án. Àbọ̀kẹ́ ti ta àgùntàn, èmi ti ta aṣọ òfì mi. Ó ku pọ́n-ùn kan. Fi ránṣẹ́ kíákíá. Má fi rán póòsì, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń sọ owó di bébà níbẹ̀. Bí o kò bá rí i, n óò ta bẹ́ẹ̀dì tí o rà fún mi, n óò sùn lórí ẹní, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí, n óò rò ó.

Èkó á gbè ọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n rí ọjọ́ tí n óò ṣe ìbúra yẹn tí kò ní jẹ́ irọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàfúsátù.