Ebè Irúgbìn Tí O Já Ní Tútù

Èmi télọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín ló ń kọ lẹ́tà yìí, bàbá rẹ ló ń sọ ọ́. Inú ń bí wọn débi pé wọn kò fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Wọ́n ní bó bá ṣe korò ni kí n kọ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin, ṣé àlàáfíà lo wà? Kí iṣẹ́ má rẹ̀ ọ́ o. Ara wa le, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Ìkíni parí, ìjà ló kù.

Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ebè tí mo so aṣọ pupa mọ́? Láti kékeré lo ti mọ̀ pé irúgbìn ẹ̀wà sóyà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, a kì í jẹ ẹ́, a kì í tà á. O já a ní tútù, o tún já a nígbà tó ń pọ́n, o wá kó èyí tó gbẹ, o rẹ ẹ́ sínú omi, ó hù tán, o lọ̀ ọ́.

Mo bi ọ́ léèrè, o ní ìwádìí iléèwé yín ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nínú èso, pé wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ nígbà tí èso bá ṣì tutù, wọ́n á dáwọ́ dúró bó bá gbẹ, bí omi bá sì kàn án, àwọn mìíràn á jí, wọ́n á máa tú oúnjẹ náà fún ọmọ tó fẹ́ hù. O ní inú èso náà ni wọ́n kọ ìgbà tí a ó pe kálukú sí. Mo la èso mẹ́ta, télọ̀ fi awò ojú rẹ̀ wò ó títí, kò rí lẹ́tà kan. (Òótọ́ ni, n kò rí i.) Àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí alágbàṣe ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé ó máa ń lọ̀ ọ́ ni?

Mo ní kí o dá wọn padà, o ní wọ́n wà nínú fìríìsà, pé òtútù ló dá wọn dúró síbi tí iṣẹ́ dé. Gbé wọn jáde kí wọ́n yáná, kí o kó wọn wálé.

Òjò ti ń rọ̀. Gbogbo ará oko ti gbìn. Alágbẹ̀dẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọ tí mo rán níléèwé ló jẹ irúgbìn mi. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù nínú ìgò, n kò sì ní gbìn ín. Bàbá mi ló fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá já irúgbìn ní tútù, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi gbin èyí tó kù. Ìyá rẹ ní kí n gbìn ín jàre, pé bàbá mi kò sí níbẹ̀ tí yóò nà mí. Mo ní ó tì. Bí òjò bá dá kí o tó dé, irúgbìn ìdílé wa parí nìyẹn.

N kò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọ mọ́tò.

Kí ẹni tó ń pe òṣìṣẹ́ inú èso lásìkò pe ìwọ náà wálé lásìkò. Àmín.

Àmì ọwọ́ bàbá rẹ nìyí: X

Ẹlẹ́rìí: alágbẹ̀dẹ, tó ní òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹlẹ́rìí: ìyá rẹ, tó ní kí n fi kún un pé bàbá rẹ ti kọ ebè náà dè ọ́, wọ́n sì ti so aṣọ pupa tuntun mọ́ ọn.