Fèrè Tí Mi Ò Fọn Níwájú Igi Òdán

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi ọmọ yín tó wà ní Kétu l'Ékòó ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ kú àdúrà orí wa. Wàsíù àbúrò mi, o kú iṣẹ́ tí ò ń bá mi jẹ́. Mo kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí o, ẹ má bínú, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀yin nìkan. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà tó ń jókòó lábẹ́ igi òdán ní Òkèhò gbọ́ ọ, bó bá sì wu àwọn ará Èkó, kí àwọn náà tẹ́tí.

Wàsíù ló pè mí. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ tí mo wálé tí mo sì padà, ẹ ò fẹsẹ̀ kan abẹ́ igi òdán mọ́. Ó ní ẹ̀yìnkùlé lẹ máa ń jókòó sí láàárọ̀, rédíò ló wá di ọ̀rẹ́ yín, tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, ẹ ó ní orúnkún ló ń dùn yín. Bàbá mi, mo mọ orúnkún yín. Orúnkún tó wa lọ́rì láti Òkèhò dé Kánò kọ́ ni ìrìn díẹ̀ dé ìdí igi máa dá dúró. Mo tẹ Wàsíù nínú títí ó fi sọ òótọ́. Ó ní mo fi ọkọ̀ kọjá níwájú àwọn àgbà dírẹ́bà lọ́jọ́ tí mo dé, nígbà tí ẹ̀yin ń dúró dè mí nílé, mi ò sì fọn fèrè kí wọn. Bàbá Alága tó jẹ́ olórí wọn wá sọ fún yín lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tó kọ́ ọmọ ní ọkọ̀ wíwà tí kò kọ́ ọ ní ìkíni, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé yín wọlé. Ó dùn mí wọra, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ ò sì fi ìdajì kankan pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ará ibí, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Nílé tiwa, ẹnu ni fèrè ọkọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń kọjá ló ń kí ẹni tó jókòó, bẹ́ẹ̀ sì ni dírẹ́bà ò lè kúnlẹ̀ lórí àga. Fèrè ló ń bá a kúnlẹ̀. Ẹ ó fọn ún ní kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó wá fà á gùn lẹ́ẹ̀kan, àwọn àgbà á gbọ́wọ́ sókè, ẹ ó máa lọ. Dírẹ́bà tó bá dákẹ́ kọjá, wọ́n á ní bóyá òkú ló gbé. Nígbà tí Bàbá ń gbé mi lé itan nínú lọ́rì, ọwọ́ mi ò tíì tó jíà, ẹsẹ̀ mi ò mọ ibi tí bíréèkì wà, ṣùgbọ́n mo ti mọ fèrè tí à ń fọn fún àgbà àti èyí tí à ń fọn fún ewúrẹ́.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ni mo gbé wá sí Kétu. Alhaja kan tó ń ta ata ní ọjà Mile 12 ló kọ́kọ́ gbà mí pé kí n máa wa ọkọ̀ akẹ́rù òun. Ẹnu ya àwọn ará ọjà pé obìnrin ni dírẹ́bà rẹ̀, mo sì jẹ́ kó yà wọ́n dáadáa. Láìpẹ́ sígbà yẹn, mo ń gba àdúgbò kan kọjá ní Ìkòsí, mo rí bàbá arúgbó kan, irùngbọ̀n wọn funfun báláú, wọ́n ń gba orí pákó gọ́tà bọ̀ láti ilé wọn. Mo ní kí n jẹ́ ọmọ gidi. Mo fọn fèrè fún wọn, kúkúrú méjì, gígùn kan. Bàbá fò sókè! Bàtà wọn kan bọ́ sínú gọ́tà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí wàhálà. Bàbá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n bi mí ṣé àwọn ti di ewúrẹ́ ni àbí bàbá mi ló ni títì. Mo ní rárá o sà, mò ń kí yín ni. Àwọn tó ti pé jọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní, Aunty, ṣé ìkíni wá di by force ni, pé tí èèyàn bá fẹ́ kí bàbá òun láàárọ̀ ṣé á tún gbé họ́ọ̀nù sí wọn létí ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi igi yọ bàtà bàbá, mo fi omi inú ọkọ̀ ṣan án, mo sì kúnlẹ̀ wọ̀ ọ́ fún wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Òkèhò. Ojú wọn rọ̀, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, pé ọmọ Òkè-Ògùn nìkan ló lè fi ìkíni pa èèyàn. Wọ́n ní níbí, tí mo bá fẹ́ kí àgbà látinú ọkọ̀, kí n dín eré kù, kí n dákẹ́, kí n tẹrí ba, kí n jẹ́ kí àgbà kọjá ná. Wọ́n ní ìyẹn ni ìkíni tàwọn.

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Fèrè l'Ékòó, èébú ló sún mọ́ jù. Tí wọ́n bá fọn án lẹ́yìn ẹ, wọ́n ń sọ pé kó o kúrò lọ́nà. Tí wọ́n bá fà á gùn, wọ́n ti dé orí ìyá ẹ nìyẹn. Nínú ọjà Mile 12, ẹni tó bá fọn fèrè fún alábàárù tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí, ara ẹ̀ ló ṣe. Ẹnu lásán ni àwọn yẹn fi ń wá ọ̀nà, gáfárà lọ́tùn-ún, gáfárà lósì, ọkọ̀ ló sì ń dúró fún wọn. Mo kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n. Mo wa ọkọ̀ ata yẹn pẹ́, bóyá ni Alhaja fi gbọ́ ohùn fèrè mi.

Ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí, Bàbá mi. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní fi ìtìjú bo ìyẹn. Àdúgbò Alápẹ̀rẹ̀ níbí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, a ó máa rìn bí ìgbín nínú àwọn òpópónà kéékèèké. Tó bá ti mọ́ wọn lọ́wọ́, mo máa ń mú wọn lọ sí Ògùdù, torí Ògùdù dà bí ìlú méjì lójú mi. Ní ẹ̀gbẹ́ GRA, tó o bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkan á yọjú lókè ilé wò ẹ́ bí olè. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlú àtijọ́, ọmọdé, adìyẹ àti ìyá oníṣu ló ni ọ̀nà, o máa ní sùúrù dandan. Ojota ni mo fi ń ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá gba Ojota kọjá láìbú ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni ò sì bú u, mo gbà pé ó ti di dírẹ́bà.

Ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Mummy kan wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ní London kí wọ́n tó padà wálé. Wọ́n ní àwọn ò nílò ẹ̀kọ́ kankan, pé kí n kàn bá àwọn jókòó ni. A dé Ojota, ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú, ó ṣẹ́ iná sí wa. Mummy gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wọ ọ̀nà! Ọpẹ́lọpẹ́ bíréèkì kejì tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ èmi olùkọ́, bọ́ńpà nìkan ló lọ sí i. Mummy ní ṣebí ẹni yẹn fi iná sọ pé kí àwọn máa bọ̀. Mo ní Mummy, l'Ékòó, ẹni tó ṣẹ́ iná sí yín ń sọ pé òun ò dúró o. Wọ́n ní ní London, ìwà ọmọlúàbí ni iná yẹn, pé fèrè ni wọn kì í fọn, àfi tí ewu bá dé. Bàbá mi, ìlú mẹ́ta nìyẹn, ọkọ̀ kan náà, èdè wọn ò sì bára mu.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí báyìí. Omi ń gun títì, ẹ ò ní mọ ibi tí kòtò wà, gbogbo ọkọ̀ á máa ké lẹ́ẹ̀kan náà. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti sinmi iṣẹ́, tí mo jókòó sí ojú fèrèsé yàrá mi, mo máa ń gbọ́ fèrè títí etí mi á fi kún. Kò sí èyí tó ń kí mi nínú gbogbo ẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bákan, mi ò ní purọ́. Mo lọ́rẹ̀ẹ́, mo níṣẹ́, ara mi sì le, ṣùgbọ́n àárò ilé ń sọ mí gidi gan-an láwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bàbá Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ ọ́ báyìí. Mo rí yín. Láti ibi tí ọ̀nà ti yà ni mo ti rí gbogbo yín lábẹ́ igi. Mo pa rédíò. Mo dín eré kù títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, mo sì tẹrí ba fún yín títí àyà mi fi kan sítíárì. Ìkíni ni mo kí yín, sà, ìkíni tí bàbá Ìkòsí kọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ pọ̀, mo ti gbé gíláàsì sókè, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì kọ lára gíláàsì náà. Gíláàsì tó ń dán ni ẹ̀yin rí, ẹ ò rí orí mi. Wàsíù ní ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ rọra kí ẹ lè wo ọkọ̀ mi dáadáa! Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ni mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe ń fi kún ìkíni, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi kún ẹ̀ṣẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, a ò sì ríra lójú.

Mi ò wí pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ní Òkèhò, fèrè ló yẹ kí n fọn, ọwọ́ mi ló ti bá Èkó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ mi na bàbá mi. Ohun tí wọ́n kọ́ mi lórí itan wọn ni mo fi ń kọ́ ọmọ Èkó títí dòní. Wọ́n ní ẹni tó bá wà nídìí sítíárì ni àbúrò gbogbo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, torí náà òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn kan ń sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń sọ ọ́ ní pidgin, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni gbogbo wọn ń sọ.

Bàbá mi, Wàsíù tún sọ nǹkan kan tí mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti gbọ́. Ó ní àga yín ṣì wà lábẹ́ igi, pé kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Ó ní àlejò kan fẹ́ fà á lọ́jọ́ kan, Bàbá Alága sì lé e dìde pé ẹni tó ni ín ń bọ̀. Wọ́n ń dúró dè yín, ojú ló ń ti gbogbo yín.

Mò ń bọ̀ ní Iléyá. Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí mo bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ wọ agbádá yín, ẹ jáde wá, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ká jọ padà lọ sí ìdí igi òdán. Mo mọ̀ pé ojú yín ò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, èmi ni màá wà á. Màá yí gbogbo gíláàsì wálẹ̀, eruku ì báà bò wá. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá gbọ́wọ́ mi kúrò, ẹ na ọwọ́ yín sí àárín sítíárì, kẹ́ ẹ fọn fèrè náà fúnra yín. Wọn ò ní béèrè ta ló wà nínú ọkọ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá mi. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ó jèrè gbogbo wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ kankan nínú wa kọ̀ ní ìrìnàjò. Ẹ bá mi kí Bàbá Alága àti gbogbo àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bá mi kí àwọn ìyá ilé àti àwọn ọmọ wọn. Wàsíù, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí kó dún ketekete.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kọ́, tí ó sì gbẹ̀kọ́,
Rísíkátù, ní Alápẹ̀rẹ̀, Kétu.