Ìjókòó Méjì Tí Malachy Gaughan Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Tà

Ní Glencastle, ní Erris, ní apá ìwọ̀-oòrùn Mayo, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí igi nàró, ni wọ́n bí bàbá wa, Malachy Gaughan, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1949. Anthony Gaughan, tó ń sin àgùntàn nílé tó sì máa ń lọ ṣe lébìrà ní Luton, lókè òkun, ni bàbá wọn. Honoria Lavelle ni ìyá wọn. Ilé Gaughan kì í ṣe ilé olówó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wọ́n níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1958, ìyá Anthony kú nílé nígbà tí Anthony wà ní Luton. Lọ́dọ̀ wa, òkú kì í kọjá ọjọ́ kẹta nílẹ̀. Anthony wọ ọkọ̀ ojú irin, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó tún wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti bo ilẹ̀. Bàbá wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, rí i bó ṣe dúró lẹ́bàá sàárè tòun ti àpótí lọ́wọ́. “Kò sunkún o,” ni wọ́n máa ń sọ fún wa. “Ó kàn ń bi gbogbo èèyàn pé aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un.” Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kò kúrò lọ́kàn Bàbá títí wọ́n fi kú.

Wọ́n kàwé ní Glencastle àti ní Belmullet. Ìṣirò ni wọ́n mọ̀ jù. Orin ni wọn kò mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yìí. Ní ọdún 1974 ni wọ́n gbé Attracta Munnelly, olùkọ́, níyàwó.

Nígbà tí Iorras Air, ilé iṣẹ́ bàálù, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, Bàbá ni wọ́n fi ṣe olùtò ìrìnàjò, ẹni tó ń sọ bàálù wo ni yóò lọ síbo àti ìgbà wo. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni: kò sí oúnjẹ ọ̀fẹ́, gbogbo ìjókòó ni wọ́n ń tà. Àfi méjì. Nínú bàálù tó ń bọ̀ láti Luton, ìjókòó méjì wà tí Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n tà títí yóò fi ku wákàtí kan kí ó gbéra. Ti ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ni.

Kò pẹ́ tí Skerry, ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn, fi dé, tí Dervla Hanrahan jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Bí Bàbá bá ní kí bàálù gbéra ní aago méje, ti Skerry á gbéra ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìpàdé, Dervla á ní, “Malachy, ṣé ẹ ṣì ń fò?” Bàbá á ní, “À ń fò, Dervla. Ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀.”

Ní ọdún 2008, epo bàálù wọ́n gógó. Ọ̀gá àgbà, Proinsias Tighe, ní kí wọ́n ta ìjókòó méjì náà. Bàbá bẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta péré: bí bàálù bá fúyẹ́, yóò jẹ epo díẹ̀. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ànàmọ́ nílé lọ sí pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì wọn gbogbo ohun tó wà nínú bàálù. Ìwé ìròyìn jáde, kẹ́tùlù kejì jáde, wọ́n dín omi kù. Ìyá wa wí fún wọn nídìí oúnjẹ pé, “Malachy, o wọn ṣíbí, o wọn yìnyín. Ìwọ alára ńkọ́? Ṣé o ti gun òṣùwọ̀n?” Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni wọn kò ti jẹ bọ́tà mọ́. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Tighe gbà. Wọn kò ta ìjókòó náà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, epo ṣẹ́gun. Iorras Air kógbá sílé ní ọdún 2011, Skerry sì gba ọ̀nà Luton. Bàbá kọ lẹ́tà sí Dervla Hanrahan nítorí ìjókòó méjì náà. Èsì kò wá. Ó dùn wọ́n wọra. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ayé wọn ti já sófo. Wọn kò wọ bàálù Skerry rí. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ kí Sorcha, ọmọ wọn, ní Luton, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sì bì títí dé èbúté.

Síbẹ̀, mọ́tò Bàbá ló ń gbé àwọn tó bá wá sìnkú láti pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: “Orí ló bá mi ṣe é. Bàálù ti kún, àfi bí ẹnì kan ṣe ní òun ò lọ mọ́.” Bàbá á ní, “Ẹ ṣọpẹ́.” Ẹni tó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀ kò ṣírò oríire yìí wò.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2020, lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sorcha dé iwájú òṣìṣẹ́bìnrin Skerry kan ní Luton. Obìnrin náà ní bàálù ti kún. Sorcha ní, “Bàbá mi ló kú.” Obìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ó ní ẹnì kan ò lọ mọ́. Ó wá gba ìwé ìrìnnà Sorcha, ó sì rí orúkọ Gaughan.

“Irọ́ ni mo pa,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó ní òun ò lọ mọ́. A máa ń fi ìjókòó méjì sílẹ̀ fún ẹni tí èèyàn ẹ̀ bá kú, láti 2011. A kì í sọ ọ́ síta, kí gbogbo èèyàn má lọ máa pa bàbá wọn. Lẹ́tà bàbá yín ṣì wà lára ògiri yàrá wa lẹ́yìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn burú o!”

Nígbà tí Sorcha wọ bàálù, Dervla Hanrahan ti wà ní ìjókòó kejì nínú méjì náà. “Ṣé kí n wá kọ̀wé sí Malachy pé òun ló jàre?” ni wọ́n wí. “Á fi yangàn pa mí. Mo rò pé àyè ṣì wà láti sọ fún un.” Wọ́n sunkún dé Mayo. Ìlà kẹrin ni Dervla jókòó sí lónìí. Ẹ bá wa kí wọn.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ ni ìyàwó wọn, Attracta, ọmọ mẹ́ta, Sorcha, Enda àti Fidelma, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti òṣùwọ̀n ànàmọ́ kan tí a ṣì ń jà lé lórí.

Kóòtù búlúù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ la wọ̀ fún wọn. Sorcha ló so táì wọn.

Bàbá, wọn ò tíì bo ilẹ̀, gbogbo wa sì ti dé. Ẹ sùn re o.